Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Ni àbí Ojú Ọ̀run? Bí A Ṣe Ń Wádìí Kọ̀ǹpútà Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Ṣi Eré Kà

Ọ̀rọ̀ tá a bá yín sọ lórí ètò wa lọ́tẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ lè máa kà á bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì rí bí àmì ohùn ṣe jókòó lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ là ń sọ. Òun ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tó ń sọ fún wa bí a ṣe ń sáré tó, iye kìlómítà tá a ti rìn, àti ojú ọ̀nà tá a gbà. Lọ́jọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, a kì í rántí pé ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá dojú rú ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ nídìí iná pupa, ó ní ẹ̀ ń sá eré kìlómítà 3 ní wákàtí kan. Ẹ ń fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà, ó ní òdo. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín jọ gba ọ̀nà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tirẹ̀ ní kìlómítà 100, tiyín ní 97.7.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Owó á lọ, àìsàn ò ní lọ, torí wọn ò tíì mọ ẹni tó ṣẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹlẹ́rìí méjì ló wà nínú ẹjọ́ yìí: ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, àti àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè ọ̀run. Bí ọ̀kan ṣe ń ka eré yàtọ̀ sí bí ìkejì ṣe ń kà á, àṣìṣe wọn náà sì yàtọ̀ síra. Tẹ́ ẹ bá ti mọ irú àṣìṣe tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe, ẹ ò ní fi owó ra ohun tí kò bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ká tó wọlé

- *Kẹ̀kẹ́ ológeere*: Nílùú Èkó lónìí, tẹ́ ẹ bá ní "mo wọ kẹ̀kẹ́ wá", ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò ni wọ́n máa rò. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ológeere. Wíwọ̀ là ń wọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, gígùn là ń gun ológeere. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ológeere ni gbogbo "kẹ̀kẹ́" tẹ́ ẹ bá rí.
- *Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́*: Ẹsẹ̀ ni èyí tó ń yí nílẹ̀. Ọwọ́ ni èyí tí à ń dì mú láti darí rẹ̀.
- *Họ́ọ̀bù*: gbùngbùn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé.
- *Fọ́ọ̀kì*: apá méjì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú.
- *Òòfà*: irin tó ń fa irin mọ́ra.
- *Sẹ́ńsọ̀*: ẹ̀rọ tó ń kíyè sí nǹkan kan, tó sì ń ròyìn rẹ̀.
- *Àyíká táyà*: gígùn táyà tá a bá wọ̀n ọ́n yí po. Ìwọ̀n yẹn náà ni kẹ̀kẹ́ ń rìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan péré.
- *Ìṣẹ́jú àáyá*: ọgọ́ta rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú kan.

Ẹlẹ́rìí kìíní: ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò mọ ibi tó wà láyé yìí. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀: ó mọ̀ pé òun ti yí lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló máa ka iye ìgbà tó yí, tó máa fi ìwọ̀n àyíká táyà sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní àyíká táyà jẹ́ mítà 2.105, tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì yí ní ìgbà 100, mítà 210 àti ààbọ̀ lẹ rìn yẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oríṣi méjì ni sẹ́ńsọ̀ yìí. Ti àtijọ́ ń lo òòfà. Wọ́n á de òòfà kékeré mọ́ sípóòkù, wọ́n á de sẹ́ńsọ̀ mọ́ fọ́ọ̀kì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí kò fara kanra ló wà nínú sẹ́ńsọ̀ náà. Bí òòfà bá ń kọjá, á fà wọ́n pọ̀, iná á gba inú wọn kọjá, kọ̀ǹpútà á ka ení. Bó bá tún yí padà dé, á ka èjì.

Ti òde òní ò lo òòfà. Wọ́n ń fi okùn rọ́bà so ó mọ́ họ́ọ̀bù, á sì máa bá họ́ọ̀bù yí. Ẹ̀rọ tín-ń-tín tó wà nínú rẹ̀ ló ń mọ ìgbà tí òun dojú kọ òkè àti ìgbà tí òun dojú kọ ilẹ̀. Á wá fi ìgbì rédíò ròyìn fún kọ̀ǹpútà, yálà nípasẹ̀ ANT+ tàbí Bluetooth. Ìgbì 2.4 GHz ni àwọn méjèèjì ń lò, níbi tí Wi-Fi ọ̀pọ̀ ilé náà wà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: tí àṣìṣe bá wà nínú ìwọ̀n àyíká táyà tẹ́ ẹ fún kọ̀ǹpútà, àṣìṣe yẹn ò ní yí padà. Lórí òkè ni o, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni o, nínú òkùnkùn ni o, ìdá kan náà nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò fi máa ṣì.

Ẹlẹ́rìí kejì: ojú ọ̀run

Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà ń yí ayé po ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè. Rọ́ṣíà ní tiwọn tó ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ òde òní ló ń gbọ́ ju ẹyọ kan lọ nínú wọn.

Àwọn kan rò pé kọ̀ǹpútà wọn ń ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Rárá o. Gbígbọ́ ló ń gbọ́, kì í fèsì. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń ké ní gbogbo ìgbà pé: "Èmi nìyí, ibi báyìí ni mo wà, aago báyìí ló lù lọ́dọ̀ mi." Ìgbì rédíò ń rin nǹkan bíi kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìró yẹn kì í lo tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé etí wa. Kọ̀ǹpútà á wo iye àkókò tó lò lọ́nà, á fi mọ bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà tó. Mẹ́ta nínú wọn wà fún ibi tá a wà. Ìkẹrin wà fún aago, torí aago inú kọ̀ǹpútà wa ò péye tó tiwọn. Tí aago bá fi ìdá kan ṣoṣo nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣì, ìwọ̀n jíjìnnà ti fi mítà 300 ṣì nìyẹn.

Lábẹ́ ọ̀run tó ṣí sílẹ̀, àṣìṣe ẹ̀rọ kékeré bíi tiwa sábà máa ń wà ní nǹkan bíi mítà 5. Fún ẹni tó ń wa mọ́tò lọ sí ìlú mìíràn, ìyẹn ò tó nǹkan. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń sá eré kìlómítà 18 ní wákàtí kan, mítà 5 péré ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé àṣìṣe lè tó ìrìn fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n tó fi ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ti wá rí ìdí tó fi lè ní ẹ̀ ń rìn nígbà tẹ́ ẹ dúró nídìí iná pupa.

Ká fi ìrìn kan ṣe àpẹẹrẹ: láti Peckham dé Canary Wharf

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lè gbà láàárọ̀. A gbéra ní Peckham, a dé Greenwich, a gba abẹ́ odò Thames kọjá sí Isle of Dogs, a wá dé Canary Wharf.

Láti Peckham dé Greenwich, ọ̀run ṣí dáadáa níbi tó pọ̀. Ẹlẹ́rìí méjèèjì ń sọ ohun kan náà.

Ní Greenwich, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan wà fún ẹlẹ́sẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1902. Gígùn rẹ̀ tó mítà 370. Wọn ò gbà kéèyàn gun kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀, títì lẹ máa tì í. Bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, omi, ilẹ̀ àti irin ti wà láàárín yín àti ọ̀run. GPS ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kọ̀ǹpútà tó gbára lé GPS nìkan lè sọ pé òdo, tàbí kó dá ìkà dúró. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ní tiẹ̀ ò mọ̀ pé omi wà lókè orí òun. Yíyí ló ń yí, yóò sì yí tó ìgbà 176 kẹ́ ẹ tó jáde. Nígbà tẹ́ ẹ bá jáde, GPS á fi ìlà tààrà so ibi tẹ́ ẹ ti wọlé pọ̀ mọ́ ibi tẹ́ ẹ ti jáde. Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ tọ́, torí náà ohun tẹ́ ẹ pàdánù ò tó nǹkan. Ká ní ó lọ́ bí ejò ni, ìlà tààrà yẹn ì bá gé gbogbo kọ́nà rẹ̀ dànù, kìlómítà yín ì bá sì dín.

Ẹ wá dé Canary Wharf, láàárín àwọn ilé àwòṣífìlà. Gíga One Canada Square nìkan jẹ́ mítà 235. Gíláàsì àti irin ló bo ibẹ̀. Ìró sátẹ́láìtì á kọ́kọ́ lu ara ilé kan kó tó ta dé ọ̀dọ̀ yín, ọ̀nà rẹ̀ á gùn sí i, kọ̀ǹpútà á rò pé sátẹ́láìtì náà jìnnà ju bó ṣe wà lọ. Lórí máàpù, ẹ lè rí ara yín níbi tẹ́ ẹ ti ń gba inú ilé báǹkì kọjá, tàbí tẹ́ ẹ ń rìn lórí omi. Ìlà wọ́gọwọ̀gọ yẹn gùn ju títì lọ. Ẹni tó bá gbára lé GPS nìkan á ní èrè kìlómítà tí kò rìn.

Ẹ rí i pé lábẹ́ ilẹ̀, GPS lè dín ìrìn kù. Láàárín ilé gíga, ó lè fi kún un. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò yí ohùn padà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òfin mẹ́ta lèyí fún wa:

1. Tó bá jẹ́ pé ibi kan pàtó ni nǹkan ti ń bàjẹ́, tó ń tún ara rẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ bi ojú ọ̀run.
2. Tí àṣìṣe bá dọ́gba níbi gbogbo, tó jẹ́ ìdá kan náà lójoojúmọ́, ẹ bi ìwọ̀n àyíká táyà.
3. Tó bá ń wá tó ń lọ láìka ibi tẹ́ ẹ wà sí, ẹ bi bátìrì, òòfà, tàbí ìsopọ̀.

Ohun kan tún wà kẹ́ ẹ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti so sẹ́ńsọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ka eré àti ìrìn, wọ́n á wá fi GPS ya máàpù. Nítorí náà, máàpù lè dà rú kí kìlómítà sì péye. Ẹ má torí máàpù bínú sí sẹ́ńsọ̀.

Ìdánwò méjì tí kò gba kọ́bọ̀

Ìdánwò ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́: nínú yàrá, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yí i kíkankíkan. Kẹ̀kẹ́ ò kúrò lójú kan, torí náà kò sí ohun tí GPS máa rí. Tí eré bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, sẹ́ńsọ̀, bátìrì àti ìsopọ̀ wà láàyè. Tí òdo bá ni, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò ojú ọ̀run: ẹ wọ mẹ́nù, ẹ pa sẹ́ńsọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí pápá tí kò ní igi tàbí ilé gíga. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ wá gùn ún. Tó bá péye níbẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń ṣiwèrè ní àárín ìlú, ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́. Àárín ìlú ló le.

Tó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ni

Ẹ tẹ̀ lé e bá a ṣe tò ó yìí, torí èyí tó rọrùn jù ló ṣíwájú.

*Ó ń sùn.* Sẹ́ńsọ̀ òde òní máa ń sùn láti fi bátìrì pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kó jí, kẹ́ ẹ tó ní kí kọ̀ǹpútà wá a.

*Ẹ̀rọ mìíràn ti gbà á.* ANT+ dà bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí ló lè gbọ́ ọ. Bluetooth ti ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ló ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí fóònù yín bá ti dì í mú, kọ̀ǹpútà ò ní rí i.

*Bátìrì.* CR2032 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Fóòtì rẹ̀ jẹ́ 3, ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 3.2. Tó bá ti ń kú lọ, eré á máa já, á máa padà. Òtútù Kánádà máa ń tètè tú àṣírí rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ojú tó ní àmì + kọ sí ibi tó yẹ, bóyá ẹ ti fa ọ̀rá tín-ń-tín tó wà lára sẹ́ńsọ̀ tuntun yọ. Àwọn bátìrì kan ní ohun kíkorò tí wọ́n fi kùn ún kí ọmọdé má bàa gbé e mì. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, kíkùn yẹn kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Tí bátìrì tuntun ò bá ṣiṣẹ́, ẹ dán irú mìíràn wò.

*Òòfà ti yẹ̀.* Fún oríṣi ti àtijọ́, òòfà gbọ́dọ̀ kọjá nítòsí sẹ́ńsọ̀ gan-an, bíi mílímítà 5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Gbígbé kẹ̀kẹ́ wọ inú ọkọ̀ ojú irin nìkan lè ti òòfà yí lórí sípóòkù.

*Ó ti di nǹkan mìíràn.* Àwọn sẹ́ńsọ̀ kan lè ka eré, wọ́n sì tún lè ka iye ìgbà tí pẹ́dà yí. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, tẹ́ ẹ bá yọ bátìrì tẹ́ ẹ sì dá a padà, iṣẹ́ kan ló máa bọ́ sórí òmíràn. Ẹ wo àwọ̀ iná tó tàn, kẹ́ ẹ fi wé ìwé tó bá a wá.

*Ẹsẹ̀ tí kò yí.* Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ máa ń gbé kẹ̀kẹ́ sórí ẹ̀rọ ìdárayá nínú ilé. Ẹsẹ̀ iwájú kì í sábà yí níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó wà níwájú ò ní ohun tó máa kà.

*Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ pọ̀ níbì kan.* Ẹ má so sẹ́ńsọ̀ pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín èrò. Ẹ lè lọ so ti ẹlòmíì mọ́ tiyín, kí eré rẹ̀ máa yọ lójú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ṣe é nílé.

Ẹ ka ìjíròrò yìí sókè

Ẹ kíyè sí i pé àbúrò ń lo "ẹ" fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n sì ń lo "o" fún àbúrò.

Àbúrò: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ gbà mí, kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ mi ò rí sẹ́ńsọ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n: Pẹ̀lẹ́. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Àbúrò: Àná ni. Mo ti pààrọ̀ bátìrì, kò gbọ́. Mo ti fẹ́ ra òmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n: Fara balẹ̀, má tíì ra nǹkan kan. Ṣé o yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kó o tó ní kó wá a?

Àbúrò: Mo yí i. Iná tiẹ̀ tàn lára sẹ́ńsọ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n: Kò sùn nìyẹn, bátìrì ẹ̀ sì dáa. Fóònù ẹ ńkọ́? Ṣé kò sí áàpù kankan níbẹ̀ tó ń bá sẹ́ńsọ̀ yẹn sọ̀rọ̀?

Àbúrò: Ẹ̀n-ẹ́n... mo gbé áàpù tuntun kan sórí ẹ̀ lálẹ́ ìjẹta.

Ẹ̀gbọ́n: O ò rí nǹkan! Fóònù ti gbà á mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Pa Bluetooth fóònù yẹn, kó o tún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí.

Àbúrò: Háà! Ó ti rí i o! Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n: Kò tọ́pẹ́. Owó sẹ́ńsọ̀ tó o fẹ́ rà yẹn, fi ra táyà.

Tó bá jẹ́ ojú ọ̀run ni

*Ẹ dúró kẹ́ ẹ tó gbéra.* Sátẹ́láìtì kì í yára sọ̀rọ̀. Kó tó parí àlàyé nípa ibi tóun gan-an wà, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìròyìn nípa gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù ń gba ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ń gùn ún lọ lábẹ́ igi kó tó gbọ́ tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e síta, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rí ọ̀run, kẹ́ ẹ wá máa wọ bàtà àti akoto yín.

*Ẹ ti kọjá òkun.* Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ láti Toronto tàbí Houston lọ sí Èkó fún ọdún Kérésì, àwọn sátẹ́láìtì tó ń retí ní òkè kọ́ ló máa bá. Ẹ so ó mọ́ fóònù pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì kó gba ìròyìn tuntun, tàbí kẹ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní gbangba.

*Ibi tí ẹ̀rọ wà.* Orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló yẹ ẹ́, kí ojú rẹ̀ kọ ọ̀run. Àpò ẹ̀wù ẹ̀yìn ò dáa, torí omi pọ̀ nínú ara èèyàn, ara ń dí ìró yẹn lọ́wọ́.

*Ìpamọ́ bátìrì.* Ní ìpò tó ń fi bátìrì pamọ́, ẹ̀rọ mìíràn kì í kọ ibi tẹ́ ẹ wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Á fo àwọn kọ́nà, ìrìn á sì dín. Ẹ ní kó máa kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan-kan. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń ṣe é, ẹ wò ó bóyá fóònù náà ló ń pa áàpù yín tí ojú rẹ̀ bá ti ṣú.

*Ọjọ́ tó ṣì.* GPS ń ka ọ̀sẹ̀ láti òdo dé 1023, á sì tún padà sí òdo. Ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1999, ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 2019. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọn ò tún inú rẹ̀ ṣe lè máa sọ ọjọ́ tó ti kọjá ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ lórí àlòkù tẹ́ ẹ rà, ẹ wá àtúnṣe tuntun lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Ìgbà tó ń bọ̀ ni oṣù kọkànlá 2038.

Bí a ṣe ń wọn àyíká táyà

Ẹ fẹ́ táyà kó le bó ṣe yẹ. Ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ títí ẹnu ibi tí à ń gbà fẹ́ ẹ yóò fi kanlẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jókòó lórí rẹ̀, torí ìwúwo yín ń tẹ táyà wọlé díẹ̀. Kí ẹnì kan dì yín mú, kẹ́ ẹ rọra lọ tààrà títí ẹnu náà yóò fi kanlẹ̀ ní ìgbà márùn-ún. Ẹ tún sàmì. Ẹ fi téèpù wọn àárín àmì méjèèjì, kẹ́ ẹ fi 5 pín in. Tó bá jẹ́ mítà 10.70, àyíká táyà yín jẹ́ mílímítà 2140.

Tí ẹ ò bá ní àyè, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n wọ̀nyí:

- 700x23C: mílímítà 2096
- 700x25C: mílímítà 2105
- 700x28C: mílímítà 2136
- 700x32C: mílímítà 2155

Ẹ rántí 100 àti 97.7 ti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹni tó yọ táyà 25 tó fi 32 rọ́pò rẹ̀, tí kò sì sọ fún kọ̀ǹpútà, ohun tó máa rí nìyẹn. Nínú kìlómítà 100 tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, 2.3 ti dàwátì. Tó bá sì jẹ́ pé 62 lẹ rí dípò 100, ẹ wò ó dáadáa: máìlì ni ẹ̀rọ yín ń kà.

Ìkìlọ̀ kan tó ṣe pàtàkì ju kẹ̀kẹ́ lọ

Bátìrì CR2032 tẹ́ ẹ yọ kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí tábìlì. Bó tilẹ̀ ti kú fún sẹ́ńsọ̀, agbára tó kù nínú rẹ̀ ṣì lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé tó bá gbé e mì, láàárín wákàtí méjì péré. Ẹ fi téèpù dí ojú rẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí ọmọ, kẹ́ ẹ kó o lọ síbi tí wọ́n ń gba bátìrì. Tẹ́ ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ẹ má dúró de àmì àìsàn, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, lójú ẹsẹ̀.

Ìdánrawò

1. Àyíká táyà jẹ́ mítà 2. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré kìlómítà mélòó ni ní wákàtí kan?
2. Lójoojúmọ́, nínú ìlú àti lẹ́yìn ìlú, kọ̀ǹpútà yín ń fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún dín ìrìn kù. Ta lẹ máa bi?
3. Eré yín máa ń di òdo lábẹ́ afárá kan ṣoṣo, á sì padà tẹ́ ẹ bá jáde. Ṣé ẹ so sẹ́ńsọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà yín, àbí GPS nìkan lẹ ń lò?

Ìdáhùn: (1) Mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 21.6 ní wákàtí kan. (2) Ìwọ̀n àyíká táyà. (3) Ó jọ pé GPS nìkan ni, torí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò mọ afárá.

Kẹ́ ẹ tó tẹ́tí sí ètò wa tó ń bọ̀, ẹ wá ẹnì kan nílé, kẹ́ ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé fún un bí sátẹ́láìtì mẹ́rin ṣe ń mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti há, ẹ padà wá kà á. Ó dìgbà náà o. Ẹ máa gùn ún jẹ́jẹ́.